“A Ti Gbé E Sínú Kọ̀ǹpútà”: Kí Ni Wọ́n Ń Sọ ní Kánsù?

Lọ́jọ́ tí mo tẹ̀lé àǹtí mi lọ gba ẹ̀dà ìwé ṣọ́ọ̀bù wọn tó sọnù, ní ọ́fíìsì ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ, ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ti fi wá lọ́kàn balẹ̀ kí ìdí wa tó kan àga. “Mọ́mì, ẹ má ṣèyọnu. A ti gbé gbogbo fáìlì sínú kọ̀ǹpútà.” Ó tẹ orúkọ àǹtí mi, kò rí nǹkan kan. Ó tẹ orúkọ ọkọ wọn, kò rí nǹkan kan. Ó tẹ orúkọ ọjà, òrùka kékeré kan ń yí po lójú ẹ̀rọ títí iná fi lọ. Nígbà tí iná dé, aago méjì ọ̀sán ti kọjá. Bàbá kan tí ìfẹ̀yìntì wọn kò jìnnà mọ́ ló ń kọjá lọ tí wọ́n gbọ́ ohun tí à ń wá. “Ìwé ṣọ́ọ̀bù 1994? Ẹ ṣí èyí tí wọ́n pè ní New Folder 3.” Ibẹ̀ ló wà lóòótọ́. Orúkọ tí ìwé náà ń jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ni scan0047.

Ọmọ yẹn kò purọ́, inú kọ̀ǹpútà ni ìwé náà wà. Ṣùgbọ́n inú orí bàbá yẹn ni a ti rí i. Lọ́jọ́ tí bàbá bá fẹ̀yìn tì, scan0047 náà fẹ̀yìn tì nìyẹn.

Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ yìí ti di ohun tí tọmọdé tàgbà ń sọ. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ́jà Olúwo láàrin àwọn ẹlẹ́ja, wọ́n ń sọ ọ́ ní Ayétòrò: kánsù ti kúrò lórí bébà, kánsù ń kúrò lórí bébà, kánsù máa tó kúrò lórí bébà. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó wà nídìí rẹ̀ gan-an, torí ẹni tí kò bá yé, “kọ̀ǹpútà ni” ló máa di àwáwí tuntun tí wọ́n á fi máa dá a padà sílé, bí “ọ̀gá ò sí lórí síìtì” ṣe jẹ́ àwáwí àtijọ́.

Ìrìn àjò fáìlì

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí bébà ṣe ń rìn kí kọ̀ǹpútà tó dé. Lẹ́tà tí ẹ bá kọ sí kánsù, rẹ́jísírì, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì, ló ń kọ́kọ́ gbà á. Wọ́n á lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tó wọlé sí i lára, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan, wọ́n á wá fi okùn so ó mọ́ inú fáìlì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́. Fáìlì ní nọ́ńbà, ewé kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ náà ní nọ́ńbà. Fólíò ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ibẹ̀ ni ìrìn àjò ti bẹ̀rẹ̀. Mẹ́sẹ́ńjà á gbé e lọ bá ọ̀gá, ọ̀gá á kọ míníìtì, ìyẹn àṣẹ kékeré, sí i pé kí lágbájá ṣiṣẹ́ lé e lórí, lágbájá á kọ tirẹ̀ sábẹ́, fáìlì á tún gòkè padà. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tíì tó àkókò, wọ́n á kọ KIV: ẹ má gbé e jìnnà, ojú wa ṣì wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ BU pẹ̀lú ọjọ́ kan, wọ́n ń sọ fún rẹ́jísírì pé kó gbé e wá padà lọ́jọ́ yẹn. PA ni ti èyí tó ti parí, kí wọ́n dá a padà sí àyè rẹ̀.

Ẹni tó bá ní ètò yìí kò dára, kò tíì rí rẹ́jísírì tó ń ṣiṣẹ́ rí. Àwọn akọ̀wé kan wà nígbà náà tí wọ́n lè dijú kí wọ́n sọ orí pẹpẹ tí fáìlì wà. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ìwé tí wọ́n fi ń kọ ìrìn fáìlì sílẹ̀, ìyẹn ẹni tó gbé e àti ọjọ́ tó gbé e, wọn kò kọ ọ́ mọ́. Fáìlì á wọ dúrọ́ọ̀ ọ̀gá kan, wọ́n á gbé ọ̀gá náà lọ sí kánsù mìíràn, dúrọ́ọ̀ á wà ní títì. Àwọn tó kù á wá ṣí fáìlì onígbà díẹ̀ dípò rẹ̀. Èyí tó yẹ kó lo ọ̀sẹ̀ méjì á lo ọdún mẹ́fà, ọ̀rọ̀ kan á wá ní fáìlì méjì tí wọn kò mọ ara wọn. Ẹ tún fi ikán àti òrùlé tó ń jò kún un. Ọ̀sà kò jìnnà sí wa ní Ẹ̀pẹ́. Bébà tí ọ̀rinrin bá ti ń wọ̀ lára láti ọdún dé ọdún á lẹ̀ mọ́ra wọn bí ewé ẹ̀kọ.

Ètò ìtọ́jú ìwé lórí kọ̀ǹpútà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní EDMS, ìrìn yẹn gan-an ló wá tún ṣe. Lẹ́tà yín á dé, wọ́n á scan rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gbà á, kọ̀ǹpútà á fún un ní nọ́ńbà tí lẹ́tà mìíràn kò lè jẹ́. Ẹni tó gbà á á kọ àwọn nǹkan díẹ̀ mọ́ ọn: ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́ tó dé, ohun tó dá lé, ẹ̀ka tó kàn. Mẹ́sẹ́ńjà kò gbé e mọ́. Òṣìṣẹ́ á tẹ bọ́tìnnì, lẹ́tà á bọ́ sójú ẹ̀rọ ẹni tó kàn. Míníìtì ṣì wà, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti aago tó kọ ọ́ á sì wà lára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ìwé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wíwò lásán ló wò ó, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà nílẹ̀. Ìwé kan sì lè wà tí àwọn kan nìkan láṣẹ láti ṣí, bí fáìlì òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́.

Nínú gbogbo ohun tí ètò yìí ń ṣe, ipa ẹsẹ̀ yẹn ni èmi fẹ́ràn jù, òun náà sì ni inú àwọn kan kò ní dùn sí. Fáìlì bébà lè pòórá kí gbogbo ọ́fíìsì máa na ìka síra wọn. Lórí EDMS, bí lẹ́tà yín bá ti jókòó síwájú ọ̀gá kan fún ọjọ́ mọ́kànlá, alága lè rí i láti inú yàrá rẹ̀ pé níwájú ọ̀gá yẹn ló wà, àti ọjọ́ tó débẹ̀.

Fọ́tò kò mọ ìwé kà

Ẹ ti rí i pé scan kàn jẹ́ ìgbésẹ̀ kan láàrin rẹ̀ ni. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀, fọ́tò ìwé ló yà. Ojú ewé tí wọ́n bá scan, àwòrán ló jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, bíi fọ́tò ìgbéyàwó: ẹ̀yin rí ìyàwó níbẹ̀, ẹ̀rọ kò mọ ìyàwó yàtọ̀ sí àga. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní OCR, tó ń wo àwòrán náà tó sì ń yọ lẹ́tà jáde nínú rẹ̀. Bí ìwé bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n sì scan rẹ̀ dáadáa (300 dpi, ìyẹn ìwọ̀n bí àwòrán ṣe máa hàn kedere tó, ni wọ́n sábà ń lò), ó máa ń gbìyànjú. Tó bá di ìwé àfọwọ́kọ tí yíǹkì rẹ̀ ti ń ṣá, ó kù díẹ̀ káàtó. Tó bá wá jẹ́ Yorùbá, àmì orí lẹ́tà àti ti ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń ṣì í lọ́nà.

Nítorí náà, èèyàn ló máa jókòó kọ orúkọ, ọjọ́ àti kókó ọ̀rọ̀ mọ́ ìwé kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ó ń gba oṣù, ó ń gba ọdún, kò sì sí alága tó máa gé rìbọ́ọ̀nù nítorí rẹ̀. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà tuntun bá dé ni wọ́n ń ya fọ́tò.

Orúkọ gan-an tún ní ìṣòro tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ wo àwa ará Ẹ̀pẹ́. Arákùnrin kan ṣoṣo lè jẹ́ Rasheed nínú ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé rẹ̀, kó jẹ́ Rasidi nínú rìsíìtì owó ọjà, kó jẹ́ Rashidi lọ́wọ́ akọ̀wé tó ṣí fáìlì rẹ̀. Làsísì àti Abdul-Azeez, orúkọ kan náà ni nílé wa. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ẹ tún wo Ṣódípọ̀: Shodipo, Sodipo, Sódípọ̀. Ẹni tó tẹ Shodipo kò ní rí Sodipo àfi tí ẹni tó kọ sọ́fútúwíà náà bá ti ro ti Ṣ mọ́ ọn.

Èyí tó kù jinlẹ̀ díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Lẹ́tà “ẹ” inú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, ó lé ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà tẹ̀ ẹ́. Kíbọ́ọ̀dù kan á tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo tí àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wà lára rẹ̀. Òmíràn á tẹ “e” lásán, á wá fi àmì tóótó sí i nísàlẹ̀ lọ́tọ̀. Òmíràn á fi igi kékeré tó dúró ṣánṣán dípò àmì tóótó. Lójú wa, Ẹ̀pẹ́ ni gbogbo wọn. Lójú kọ̀ǹpútà tí wọn kò kọ́, ìlú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀nà àbáyọ wà: sọ́fútúwíà lè sọ gbogbo wọn di ọ̀kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan, ó sì lè wá láìka àmì sí rárá. Ẹni tó bá wá ta sọ́fútúwíà fún kánsù nílẹ̀ Yorùbá tí kò lè dáhùn ìbéèrè yìí, ká ní èmi ni kánsẹ́lọ̀, mi ò ní fọwọ́ sí owó rẹ̀. Ó sì dára kí wọ́n má fi orúkọ nìkan ṣe é. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù wà, nọ́ńbà fáìlì àtijọ́ wà, NIN tó ní dígíìtì 11 wà. Nọ́ńbà kì í ní àmì ohùn.

Àwọn ìwé àtijọ́ ńkọ́?

Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ló to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọjà àti gáréèjì, ibi ìsìnkú, fífún òpópónà lórúkọ, fífún ilé ní nọ́ńbà, àkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó, títí dórí ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́, ọmọlanke àti ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ. (Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ. Ẹ bi àwọn apẹja wa léèrè bóyá wọ́n ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí.) Ẹ wá ro iye bébà tí gbogbo ìyẹn ti bí.

Kánsù tó bá ní òun fẹ́ scan gbogbo rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, inú yàrá àkọ́kọ́ ni owó á tán sí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń mú ọjọ́ kan: láti òní lọ, gbogbo ìwé tó bá wọlé, orí kọ̀ǹpútà ni. Ti àtijọ́, ọjọ́ tí ẹnì kan bá béèrè rẹ̀ ni wọ́n á scan rẹ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ náà. Díẹ̀ lára ti àtijọ́ kò lè dúró de ìbéèrè: rẹ́jísítà ìgbéyàwó, ìwé ṣọ́ọ̀bù, ìwé ìpàdé kánsù, fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ tí owó ìfẹ̀yìntì wọn wà nídìí rẹ̀. Ìwé ìpè sí àsè ọdún 2009 lè dúró síbi tó wà. Kí wọ́n tó scan, wọ́n á yọ pín-ìnì tó ti dípẹtà, torí ẹ̀rọ lè fa ewé ya nítorí rẹ̀. Bí wọ́n bá scan rẹ̀ tán, kí wọ́n má tíì dáná sun bébà o. Òfin àti ìlànà ló ń sọ ìgbà tí ìwé ìjọba lè kúrò láyé, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ yàrá kò lè dá a ṣe.

Àwọn ará Erédò àti Ìkòsí-Èjìnrìn, tí wọ́n gé jáde lára Ẹ̀pẹ́ gẹ́gẹ́ bí LCDA (kánsù kéékèèké tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀), tún ní ìṣòro tiwọn lọ́tọ̀. Ọdún 2003 ni Ìpínlẹ̀ Èkó dá LCDA 37 sílẹ̀, tí wọ́n fi kún ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè mọ̀, tí gbogbo rẹ̀ wá di 57. Ìwé ọdún 1994 bíi ti àǹtí mi kò lè mọ orúkọ LCDA kankan. Ẹni tó bá ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní sẹkiteríàtì tuntun lè máa wá a títí, nígbà tó jẹ́ pé ọ́fíìsì tó kọ́kọ́ ṣe é ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Ṣé kóòtù máa gbà á?

Ìbéèrè tí àwọn àgbà máa ń bi mí jù nìyí, pàápàá àwọn tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti kọ́ lọ́gbọ́n. Ìdáhùn ni pé kóòtù ń gbà á, ó ní bí ó ṣe ń gbà á. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ló ṣí ilẹ̀kùn fún ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde. Ohun tí òfin náà ń fẹ́ mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà yẹn jẹ́ èyí tí wọ́n ń lò déédéé fún iṣẹ́ náà, pé ara rẹ̀ dá nígbà náà, àti pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń kó sínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó wà nípò láti mọ̀ á wá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀. Nígbà tó di 2023, wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n sì mẹ́nu kan ìwé orí kọ̀ǹpútà àti ìbuwọ́lù orí kọ̀ǹpútà ní tààrà.

Ẹ wá dá a padà sórí scan0047. Lọ́ọ́yà òdìkejì á dìde, á ní: ta ló gbé e sínú kọ̀ǹpútà? Lọ́jọ́ wo? Ta ni kò lè pààrọ̀ rẹ̀ nínú New Folder 3? Ẹnì kan kò ní lè fèsì. Níbi tí EDMS gidi bá wà, ipa ẹsẹ̀ ìwé náà ló máa fèsì. Fún àwa tí a kàn fẹ́ ẹ̀dà, abala 104 nínú òfin yẹn kan náà ní kí òṣìṣẹ́ tí ìwé ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ó ní ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí pé òótọ́ ni, lẹ́yìn tó bá ti san owó tí òfin ní kó san. CTC ni àwọn lọ́ọ́yà ń pè é.

Òfin mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni FOI Act ti 2011, tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ lórí rẹ̀. Òfin náà tún ní òṣìṣẹ́ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ tàbí tó yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà kó tó fi í sílẹ̀, ó kéré tán ọdún 1 lẹ́wọ̀n ló ń dúró dè é. Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fi orí bàbá kan wá fáìlì, báwo ni wọ́n ṣe máa fi ọjọ́ méje rí i? Láti July 11, 2024 tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, ìbéèrè nípa ìwé owó kò ní dín kù.

Kì í ṣe gbogbo ìwé náà ló wà fún gbogbo ojú o. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 kò gbà kí ọ́fíìsì máa fi ọ̀rọ̀ ara ẹni tí wọ́n kó jọ ṣe ohun tó wù wọ́n. Òṣìṣẹ́ tó ya NIN àti ìwé ìbí ọmọ yín ní fọ́tò sórí fóònù ara rẹ̀, tó sì fi í ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp “kí iṣẹ́ lè yá”, ohun tó ṣe kò ní nǹkan kan bá EDMS tan. Ọjọ́ tí fóònù yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ olè, ìwé yín bá a lọ.

Àwọn àṣìmú kan wà tí mo fẹ́ yára mú kúrò nílẹ̀. C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ yín, kò sí ní kánsù. Gómìnà ló ń fọwọ́ sí i, Aláúsà ni ẹ ti ń béèrè rẹ̀. Ìwé ìbí tí ọ́fíìsì púpọ̀ ń béèrè nísinsìnyí jẹ́ ti NPC, àjọ tó ń ka iye èèyàn, tí òfin 1992 gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé òfin dárúkọ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ kánsù. Ìkéde pé kí àwọn òṣìṣẹ́ kúrò lórí bébà kí ọdún 2025 tó parí, ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ní Àbújá. Òṣìṣẹ́ kánsù Èkó wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ tiwọn ní ìpínlẹ̀.

Iná, omi àti flash

Wọ́n á ní kọ̀ǹpútà kì í jóná bí bébà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ní oṣù kẹwàá 2020, iná jó Ilé Ẹjọ́ Gíga tó wà ní Igbóṣeré l'Ékòó nínú rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìwọ́de EndSARS. Bébà ni o, kọ̀ǹpútà ni o, ohun tí iná bá bá nínú ilé kan náà, kò ní yà á sọ́tọ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní òfin kékeré kan: ẹ̀dà 3, lórí irú nǹkan 2 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí 1 wà níbòmíràn tó jìnnà. Flash tó wà nínú báàgì ọ̀gá kò sí lára wọn. Kí kánsù tó ra kọ̀ǹpútà ogún, kí ó ti mọ ibi tí iná á ti máa wá. Bátìrì àti sólà fún ẹ̀rọ mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ sàn ju ogún tó ń dúró de NEPA.

Tí ẹ bá ń lọ sí kánsù lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú ẹ̀dà méjì lẹ́tà yín dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sí èyí tí ẹ máa mú relé. Ẹ gba nọ́ńbà. Bí wọ́n bá sọ pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é, ẹ béèrè nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún un, torí kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ kì í gba lẹ́tà láìfún un ní nọ́ńbà. Tí ẹ bá padà lọ, ẹ má béèrè “ibo lẹ bá ọ̀rọ̀ mi dé?” Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ báyìí àti ọjọ́ tó débẹ̀.

Àǹtí mi gba ẹ̀dà tiwọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀. Kí a tó jáde, wọ́n ní kí ọmọkùnrin yẹn yí orúkọ scan0047 padà níṣojú àwọn, wọ́n pe orúkọ ọjà, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù àti ọdún fún un lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bíi tíṣà. Lọ́jọ́ kejì, mo bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ tuntun náà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, lábẹ́ gbèsè àwọn tó ra ẹja láwìn.